Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Ìgbésí Ayé Warren Zevon

Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ nípa àdàpè ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ikú ló máa ń ní àpẹẹrẹ tó pọ̀ jù. Ọba kì í kú, ó máa ń wàjà ni. Àgbàlagbà kì í kú, ó máa ń papòdà, ó máa ń filẹ̀ ṣaṣọ bora. Bí ìkókó bá bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, a ó ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ahọ́n wa kì í fẹ́ kan ikú ní tààrà.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ yìí kò mọ àdàpè. Ó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọrin nípa òkú, apànìyàn, iwin àti ènìyàn tó ń di ìkookò, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí ikú wá kan ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò pa ohùn dà. Warren Zevon ni orúkọ rẹ̀, olórin ará Amẹ́ríkà. Ọdún 2003 ló kú, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà ní ọdún àṣekágbá ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa, tí a kò tíì bí àwọn mìíràn.

Ẹni tí kò mọ orúkọ náà lè ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀, nítorí dùùrù rẹ̀ ni Kid Rock yá láti fi ṣe orin All Summer Long. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi gbé e wá síwájú àwa ọmọ ẹ̀ka yìí ni pé ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ tó lókìkí jù mẹ́nu ba Biafra, ẹ̀fẹ̀ ló sì fi ṣe. Ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó pinnu bóyá ká bá a rẹ́rìn-ín ni tàbí ká bínú sí i.

Ọmọ Atatẹ́tẹ́

Wọ́n bí Warren William Zevon ní ìlú Chicago ní ọjọ́ 24, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1947. Júù ni bàbá rẹ̀, William, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Stumpy. Ìdílé rẹ̀ ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Tẹ́tẹ́ ló fi ń jẹun. Ó bá Mickey Cohen, ògbólógbòó ọ̀daràn ìlú Los Angeles, ṣiṣẹ́ nídìí tẹ́tẹ́. Inú ìdílé ẹlẹ́sìn Mormon ni ìyá rẹ̀, Beverly, ti jáde, àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n fẹnu kan ọtí. Ẹ ò rí i pé ilé náà kò lè ṣàì gbóná! Wọ́n kó lọ sí California nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, nígbà tó sì tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàbá àti ìyá kọ ara wọn sílẹ̀.

Ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ tó ti ń lọ sí ilé Igor Stravinsky, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin ní gbogbo ayé nígbà náà, tó ń bá a gbọ́ orin, tó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí Zevon fi kú, kò pa orin àwọn àgbà Yúróòpù tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin rọ́ọ̀kì àti orin onígìtá ti àwọn mẹ̀kúnnù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní fóòkì, ló fi jẹun.

Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí. Bàbá rẹ̀ jẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan nídìí káàdì, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ni Warren wà lọ sí New York láti lọ di olórin fóòkì. Ní 1966, òun àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń kọrin lábẹ́ orúkọ Lyme and Cybelle gbé orin kan jáde tó rìn díẹ̀. Ó kọ orin fún àwọn ẹgbẹ́ The Turtles. Ní 1970, àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Wanted Dead or Alive, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò tó nǹkan. Lẹ́yìn èyí, ó di atẹdùùrù àti olórí àwọn onílù fún àwọn Everly Brothers, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí òkìkí wọn ti ń wọ̀ọ̀kùn nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká rántí iṣẹ́ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìkookò ti máa jáde.

Ilé Ọtí Kan ní Sitges

Nígbà tó di 1975, nǹkan kò rọgbọ. Warren àti ìyàwó rẹ̀, Crystal, di ẹrù wọn, wọ́n gba Spéènì lọ, ní Sitges, ìlú kan létí òkun tí kò jìnnà sí Barcelona. Ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Dubliner ló ti ń fi gìtá kọrin fún àwọn àlejò. David Lindell ló ni ilé ọtí náà, ẹni tó ti ṣe jagunjagun àgbàṣe rí ní Áfíríkà, ìyẹn àwọn tó ń ta ogun jíjà bí ẹni ń ta iṣẹ́ oko. Olórin àti ológun yìí jọ jókòó, wọ́n sì jọ kọ orin kan, Roland the Headless Thompson Gunner.

Ìtàn inú rẹ̀ rèé ní ṣókí. Roland jẹ́ ọmọ Norway, jagunjagun àgbàṣe ni, kò sì sí ẹni tó mọ ìbọn arọ̀jò-ọta Thompson lò tó o. Ó gbéra lọ sí Biafra, ó jà ní Kóńgò ní 1966 àti 1967. CIA, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, wá pinnu pé kó kú, wọ́n sì bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Van Owen, lọ́wẹ̀. Van Owen yìnbọn fò ó lórí. Ṣùgbọ́n òkú náà kò wolẹ̀. Ó ń rìn káàkiri Áfíríkà láìlórí, ó ń wá ẹni tó pa á, títí tó fi bá a nínú ilé ọtí kan ní Mombasa, tó sì fi ìbọn fọ́ ọ yángá. Síbẹ̀ kò sinmi. Wọ́n tún ń gbọ́ ìró ìbọn rẹ̀ ní Ireland, ní Lẹ́bánónì, ní ilẹ̀ Palẹstínì, ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, títí ó fi kan Patty Hearst, ọmọ olówó tí àwọn agbébọn jí gbé ní 1974 tí òun náà sì wá di agbébọn.

Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Dùùrù rẹ̀ ń lọ bí orin àwọn atukọ̀ ojú omi, àwọn elégbè ń gbè é bí ẹni tó wà níbi àríyá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n da ogun méjì pọ̀. Ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967 ni wọ́n kéde Biafra, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Ẹni tó bá ti Biafra dé Kóńgò ní 1966 jẹ́ pé ó ti jagun kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó ní orúkọ nínú orin náà. Roland ní orúkọ, Van Owen ní orúkọ, Patty Hearst ní orúkọ. Àwọn tí ogun náà pa, àwọn tí ebi pa nínú igbó nígbà tí ọ̀nà oúnjẹ dí, wọ́n wà lẹ́yìn orin náà bí igi inú àwòrán. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ní ìyá àgbà tí kò ní rí ohun ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí tọ̀nà, n kò sì ní wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná, a ó padà bá a.

Jackson Browne, ọ̀rẹ́ Zevon tí òun náà jẹ́ olórin, ló ránṣẹ́ pè é láti Spéènì pé kó máa bọ̀ nílé, òun ti bá a rí iléeṣẹ́ tó máa gbé orin rẹ̀ jáde. Ní 1976, àwo tí wọ́n fi orúkọ Zevon gan-an pè jáde, Browne ló sì ṣe kòkáárí rẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ orin yìn ín gan-an, ṣùgbọ́n kò tà lọ títí. Linda Ronstadt, gbajúgbajà olórin obìnrin, mú díẹ̀ lára àwọn orin náà kọ, ìyẹn sì mú kí orúkọ ẹni tó kọ wọ́n máa dé etí àwọn ènìyàn.

Ọmọ Tára Rẹ̀ Ń Yá Gágá

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1978 ni àwo tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká jáde: Excitable Boy. Browne àti Waddy Wachtel, onígìtá, ló ṣe kòkáárí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àwo náà, ẹ ó rí àwòrán àwo oúnjẹ kan nínú, tí wọ́n bu oúnjẹ sí, tí wọ́n wá gbé ìbọn ìléwọ́ ńlá kan lé e lórí. Ẹni tó rí i ti mọ irú àsè tí wọ́n pè é sí.

Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ ló dẹ́rù bani jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣe ìṣekúṣe. Ó kọ́kọ́ fi ẹran sísun pa àyà nídìí oúnjẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ obìnrin kan jẹ nílé sinimá. Ó mú ọmọbìnrin kan lọ sí òde ijó ilé ìwé, ó fipá bá a lò, ó pa á, ó sì gbé òkú rẹ̀ délé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá a sílẹ̀ níbi tí wọ́n tì í mọ́, ó lọ hú sàréè ọmọbìnrin náà, ó sì fi eegun rẹ̀ kan àgò. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe ọ̀kan, ohun kan náà ni àwọn ènìyàn ń sọ: pé ọmọ tára rẹ̀ ń yá gágá ni.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a kíyè sí níbí. Èkíní jẹ mọ́ ohùn. Nínú orin Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń darí ohùn orin. Bí a bá gbé ọkọ̀ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ó lè di ọkọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìdè yẹn, nítorí náà ohùn orin lè gba ọ̀nà tirẹ̀ láìba ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan jẹ́. Zevon lo àǹfààní yìí dé gongo. Ohùn orin náà dùn bí orin ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́, sasofóònù ń ké tayọ̀tayọ̀, àwọn obìnrin tó ń gbè é, tí Linda Ronstadt wà lára wọn, ń gbè é tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwa náà lè fi ìlù ijó gbé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n kí ohùn orin kẹ̀yìn pátápátá sí ohun tí ẹnu ń wí báyìí, iṣẹ́ ìkà ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Gbólóhùn tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, àdàpè ni. Ìdílé àti aládùúgbò ló ń fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ títí tí ọmọ ọlọ́mọ fi kú. Ègbè orin náà, ohùn àwọn tó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, àwọn tó ní Zevon ń fi ikú ọmọbìnrin ṣeré kò tíì gbọ́ orin náà dé ìdí. Ẹni tó ń fi ṣẹlẹ́yà ni gbogbo wa tí a máa ń ní ọmọdé ló ń ṣe é, ìwà ọkùnrin ni, yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Ojú yìí náà ni mo fi ń wo Werewolves of London, orin tó rìn jù nínú àwo náà. Phil Everly, ọ̀kan nínú àwọn Everly Brothers tí Zevon ti bá ṣiṣẹ́, ló wo fíìmù àtijọ́ kan ti 1935 nípa ènìyàn tó ń di ìkookò ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá ní kí Zevon fi orúkọ yẹn kọ orin. Zevon, Wachtel àti LeRoy Marinell kọ ọ́ tẹ̀fẹ̀tẹ̀fẹ̀, wọn kò ka á sí iṣẹ́ gidi. Mick Fleetwood lu ìlù rẹ̀, John McVie ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì láti ẹgbẹ́ Fleetwood Mac. Ìkookò inú orin náà ń pa àwọn ìyá arúgbó ní ìpakúpa, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ gún régé, aṣọ rẹ̀ bá a mu, ó sì ń rìn láàárín ìgboro bí ọmọ ọlọ́lá. Ta ni kò mọ irú ìkookò bẹ́ẹ̀?

Báwo ni ayé ṣe gbà á? Àwo náà gòkè dé ipò 8 lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà, orin ìkookò náà sì dé ipò 21 lórí àtẹ àwọn orin. Zevon kò tún rí irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ fọwọ́ sí i, wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ irú rẹ̀. Àwọn kan sì wà tó fẹ́ràn àwo 1976 jù ú lọ, nítorí pé ìbànújẹ́ hàn gbangba nínú ìyẹn ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gún Zevon lára ni pé orin tí wọ́n fi ṣeré ni rédíò gbé lárugẹ. Títí ó fi kú, nígbàkígbà tó bá dé orí ìtàgé, ìkookò ni wọ́n ń bèèrè. Orin ìfẹ́ tó ń gún ọkàn, Accidentally Like a Martyr, wà nínú àwo kan náà. Ẹni tó kà á sí kò tó nǹkan.

Ohun Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀fẹ̀

Ibi tí mo bá dé báyìí, ẹ̀rín dúró. Ọ̀mùtí paraku ni Zevon. Bí ó bá ti mu ọtí, ó máa ń na ìyàwó rẹ̀, ìbọn kì í jìnnà sí i, lọ́jọ́ kejì kò ní rántí ohun kan. Ó ní ọmọ méjì, Jordan, tí obìnrin tó fẹ́ ṣáájú bí fún un, àti Ariel, tí Crystal bí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi dàgbà tí bàbá wọn kò sí níbẹ̀ tàbí tó wà níbẹ̀ tí ọtí sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìgbéyàwó òun àti Crystal tú ká. Ó wọ ilé ìwòsàn àwọn ọ̀mùtí, ó jáde, ó tún padà sídìí ìgò. Ní 1981, ìwé ìròyìn Rolling Stone gbé ìtàn ìjàkadì yìí jáde, àwòrán rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́, gbogbo ayé sì rò pé ó ti bọ́.

Kò tíì bọ́. Àwo rẹ̀ ti 1982, The Envoy, kò tà. Iléeṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde já a sílẹ̀, inú Rolling Stone ló sì ti kà á bí gbogbo ènìyàn. Ó tún rì sínú ọtí. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1980 ló tó dá ọtí dúró, kò sì fẹnu kàn án mọ́ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1987 ó padà pẹ̀lú Sentimental Hygiene, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ R.E.M. ti bá a lù, tí Bob Dylan àti Neil Young náà sì dá sí i. Ní 2000, ó gbé Life'll Kill Ya jáde, àwo tó kún fún àìsàn, ọjọ́ ogbó àti ikú. Nígbà náà, kò sí àìsàn kankan tó mọ̀ pé ó ń ṣe òun.

Ẹ̀yin náà rí i. Ọkùnrin tó fi àwọn tó ń bo ìkà mọ́lẹ̀ ṣẹlẹ́yà nínú orin, òun náà gbé nínú ilé tí wọ́n ti ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí olórin bá fọ́ nǹkan, ẹ̀mí orin ló gùn ún; bí ó bá mutí yó, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń dà á láàmú. Àdàpè ni gbogbo rẹ̀.

Oṣù Mẹ́ta

Zevon bẹ̀rù dókítà. Ó lé ní ogún ọdún tí kò fi fẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ ọ̀kan. Oníṣègùn eyín nìkan ló ń rí i. Oníṣègùn eyín yìí ló rọ̀ ọ́ nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, àyẹ̀wò fi hàn pé mesothelioma ló ń ṣe é, jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú jẹjẹrẹ yìí, eruku asbestos ló ń fà á, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú. Àwọn dókítà ní kò lè ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ.

Kò pa á mọ́. Ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ó sì wọ ilé ìgborinsílẹ̀ lọ. Kò ní jẹ́ irọ́ bí mo bá ní akin ni, ṣùgbọ́n akin náà tún padà sídìí ọtí ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó fi yàgò fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ dé: Bruce Springsteen, Tom Petty, Don Henley, Ry Cooder, Emmylou Harris, Jackson Browne tí kò fi í sílẹ̀ láti ìgbà Sitges. Dylan, ní ìrìn àjò orin tirẹ̀ nígbà ìwọ́wé ọdún náà, ń kọ orin Zevon lórí ìtàgé láti fi yẹ́ ẹ sí, Accidentally Like a Martyr sì wà nínú wọn.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, David Letterman pè é wá sórí ètò tẹlifíṣàn rẹ̀, ó sì fún un ní gbogbo wákàtí náà láìsí àlejò mìíràn. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ikú bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa òjò. Zevon fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé sísá fún dókítà kì í ṣe ọgbọ́n ogun tó dára. Nígbà tí Letterman bèèrè ohun tó ti mọ̀ nípa ìyè àti ikú, èsì rẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn gbádùn gbogbo búrẹ́dì tó bá ń jẹ. Kò sí ìwàásù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọrin, èyí tó sì fi kádìí rẹ̀ ni Roland, nítorí Letterman bẹ̀ ẹ́ fún un. Ìgbà ìkẹyìn tó kọrin níwájú èrò nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, àyà ń fún un, òkú tí kò lórí sì tún ń rìn káàkiri Áfíríkà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sórí ẹ̀sùn wa. N kò rò pé àìsàn ẹni tó kọ orin lè tún orin ṣe. Àwọn ọmọ Biafra kò ní orúkọ nínú rẹ̀ ní 1978, wọn kò sì ní in lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun kan níbẹ̀ tí n kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Orin náà kò fún ogun ní àdàpè. Kò pè é ní ìgbàlà, kò pè é ní ìṣọ̀kan, kò pè é ní òmìnira. Ó pè é ní iṣẹ́ tí àwọn kan ń ṣe gbowó, tí àwọn ìjọba ńlá ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, tí kì í sì í parí, torí bí ọwọ́ kan bá kú, ìbọn náà yóò bọ́ sí ọwọ́ mìíràn. Àwa tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rírọ̀ sọ ìtàn ogun abẹ́lé wa fún, a lè bínú sí ohun tí orin yìí gbójú fò, kí a sì tún gbà pé ohun tó sọ kì í ṣe irọ́.

Oṣù mẹ́ta di ọdún kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, Ariel bí ìbejì ọkùnrin, bàbá wọn àgbà sì rí wọn. Orin tó kẹ́yìn nínú àwo náà, Keep Me in Your Heart, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ nítorí pé kò lè jáde mọ́. Nínú rẹ̀, kò sí iwin, kò sí ìbọn. Ó kàn ń bẹ àwọn tó ń fi sílẹ̀ pé kí wọ́n rántí òun díẹ̀. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2003 ni The Wind jáde, ó sì dé ipò 12 lórí àtẹ, ipò tó dára jù tó rí láti ìgbà Excitable Boy. Ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án ni Zevon kú ní Los Angeles. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì da eérú náà sínú òkun Pàsífíìkì.

Ìwé Tó Ní Kí Wọ́n Kọ

Ní oṣù Kejì ọdún 2004, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Grammy méjì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún un: ọ̀kan fún orin tí òun àti Springsteen jọ kọ, èkejì fún The Wind gẹ́gẹ́ bí àwo orin fóòkì tó dára jù. Ọmọkùnrin tó wa ọkọ̀ tẹ́tẹ́ lọ sí New York láti di olórin fóòkì di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ti kú. Ní 2025, Rock and Roll Hall of Fame náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ àwọn tí iṣẹ́ wọn tọ́ ipasẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ ni mo kà sí ogún rẹ̀. Kó tó kú, ó bẹ Crystal, obìnrin tó ti nà rí, pé kó kọ ìtàn ayé òun, kó má sì yọ èyí tó burú kúrò. Ìwé náà jáde ní 2007. Ọtí wà nínú rẹ̀, ìlùkulù wà nínú rẹ̀, ẹkún àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, orin náà sì wà nínú rẹ̀. Òǹkàwé lè parí rẹ̀ kó kórìíra ọkùnrin náà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ní kí wọ́n kọ ọ́.

Èmi kò ní kí Yorùbá pa àdàpè ikú tì. Nígbà tí a bá ní ọba wàjà, tàbí tí a bá ní omi ló dànù, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ la ń fi ọwọ́ rọra gbà mú. Àánú ni. Èyí tí Zevon ń bá jà ni àdàpè kejì, èyí tí kì í gba ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bí kò ṣe ẹni tó pa òkú. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lórí pátákó kíláàsì, a sì máa ń kọ wọ́n sí ìlà kan náà. Ó yẹ kí àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa lè yà wọ́n sọ́tọ̀.